Bí Iná Ọkọ̀ Bá Kú Lójú Kan
Bí iná iwájú kan bá kú lára Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ yín lójú ọ̀nà Kábà sí Òkè-Bùkún lálẹ́, ẹni tí ń bọ̀ lè rò pé alùpùpù ni.

Ẹ má tí ì ra gílóòbù. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ yẹ fíúsì wò: tọ̀tún ní tirẹ̀, tòsì ní tirẹ̀. Èyí tí ó bá já, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Bí iná bá ṣe bàìbàì, wáyà tí a so mọ́ irin ọkọ̀ lè ti dípẹtà. Ẹ ha á, kí ẹ dè é pinpin.

Bí fíúsì tuntun bá tún já, ẹ pe réwáyà. Ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ láé: fíúsì ń já kí ọkọ̀ má baà jóná.