Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè: Onísúpírìngì Méjì Tàbí Ẹlẹ́yìn-Líle?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì láàrin wa. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú, tí a ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn bàbá wa fi ń ru kòkó àti ẹmu láti oko wá sí ọjà. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní súpírìngì kankan bí kò ṣe èyí tí ó wà lábẹ́ ìjókòó. Egungun ẹni tí ó gùn ún ni ó ń gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà sára. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ọn: bí èmi, tí mo ń gbé Sheffield pẹ̀lú aya àti ọmọ, ṣe fi kẹ̀kẹ́ tí ó ní súpírìngì níwájú àti lẹ́yìn sílẹ̀, tí mo sì padà sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi ti àwọn bàbá wa. Kò rọrùn fún mi láti pinnu, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì ní sọ pé gbogbo ènìyàn ni kí ó ṣe bí mo ti ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí irú kẹ̀kẹ́ yìí ti wá. Ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ wíwúwo bá ara wọn díje láti orí òkè kan sọ̀kalẹ̀. Bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ó sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ fi ń di èéfín. Bí wọ́n bá ti dé ìsàlẹ̀, dandan ni kí wọ́n tú họ́ọ̀bù náà, kí wọ́n sì tún ki gíríìsì sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pe ọ̀nà náà ní Repack, èyíinì ni àtúnkì. Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, ṣe férémù tí ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1977. Ní 1979 Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní MountainBikes, kẹ̀kẹ́ orí òkè. Gbogbo kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ni ó le koránkorán níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí ó di 1989 ni ilé iṣẹ́ RockShox gbé fọ́ọ̀kì onísúpírìngì tirẹ̀ jáde, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí súpírìngì ẹ̀yìn náà fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Lónìí, oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ní fọ́ọ̀kì onísúpírìngì níwájú, ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo títí dé ẹ̀yìn. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hardtail, tí èmi yóò máa pè ní ẹlẹ́yìn-líle. Èkejì ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn pẹ̀lú: a pín férémù rẹ̀ sí méjì, a sì fi oríkèé so wọ́n pọ̀ bí apá àti èjìká, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè máa gòkè kí ó sì máa sọ̀ bí ó bá kọlu òkúta.

Irú èkejì yìí ni mo ní. Mo rà á ní àlòkù ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Apá kan nínú ìlú Sheffield wà nínú Peak District, ọgbà ìjọba tí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1951, nítorí náà láti ẹnu ilẹ̀kùn wa títí dé orí òkè kò jìnnà. Òfin tí wọ́n ń pè ní Countryside Act, ti ọdún 1968, sì fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba ọ̀nà àwọn ẹlẹ́ṣin, bí wọ́n bá ti lè yà fún ẹlẹ́ṣin àti ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Láràárọ̀ Sátidé ni èmi àti ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń jáde. Ní àwọn wákàtí wọ̀nyí ni mo ń gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé rẹ̀, ẹni tí ó bá a jà àti ẹni tí wọ́n jọ parí ìjà. Nínú ilé, kì í sọ irú rẹ̀ fún mi. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ń dàgbà ní ìlú òkèèrè yóò mọ̀ pé ohun ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n òkúta òkè wa jẹ́ irú èyí tí a fi ń ṣe ọlọ láyé àtijọ́. Yanrìn rẹ̀ mú, òjò sì ń rọ̀ ní ìgbà gbogbo. Omi àti yanrìn yìí ni ó wọ inú oríkèé kẹ̀kẹ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tí ó yá, bí mo bá di ìjókòó mú tí mo gbé e sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa mì lọ́wọ́ mi kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Mo gbé e lọ fún oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní gbogbo béárìn oríkèé ni yóò pààrọ̀, ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ di títú palẹ̀, iye rẹ̀ sì jẹ́ £420. Ẹ̀bi mi ni. Àwọn tí ń ṣe irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sọ pé kí a máa ṣí apá tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 50 ìgùn, kí a nù ún, kí a sì pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Èmi sì ti gùn ún fún ọdún méjì láìfọwọ́ kàn án.

Ní àkókò yìí gan-an, kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ti kéré jù fún un. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ó bá ń yí kọ́nà. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n ní Sátidé méjì léra ó ní orí ń fọ́ òun, òun kò ní lè jáde. Ìyá rẹ̀ ni ó là mí lójú. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, orí kọ́ ni ó ń fọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ti há a mọ́. Ẹ̀yin wà níhìn-ín, ẹ ń da epo sí ilẹ̀ ilé ìdáná mi lálaalẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́ tiyín. Kẹ̀kẹ́ yìí ń jẹ ju ọmọ yín lọ.” N kò rí èsì fún un.

Ìdí tí n kò fi tètè gba ìmọ̀ràn ẹlẹ́yìn-líle ni pé ẹ̀yìn tèmi fúnra mi kò le. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè so okùn bàtà, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá tún bọ́ sórí ohun tí ń gbo ènìyàn, n óò padà sí orí ibùsùn. Mo lọ bá dókítà mi. Ó ní kí n má ṣe dẹ́kun gígun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n sì dúró bí ẹ̀yìn bá kọ̀. Lẹ́yìn èyí mo yá ẹlẹ́yìn-líle ọ̀rẹ́ mi fún Sátidé méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú irú pàṣípààrọ̀ yìí, kí ó má ṣe fi ìwé ilé ìtajà nìkan rajà.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí n kò rí ẹni sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ onísúpírìngì méjì, iwájú àti ẹ̀yìn jọ ń rì ni, nítorí náà ìdúró kẹ̀kẹ́ kò yí padà púpọ̀. Ti ẹlẹ́yìn-líle kò rí bẹ́ẹ̀: iwájú nìkan ni ó ń rì, imú kẹ̀kẹ́ a sì dorí kọ ilẹ̀. Bí fọ́ọ̀kì bá rì ní nǹkan bí mìlímítà 20, igun tí fọ́ọ̀kì fi dà sílẹ̀ yóò ga sókè ní nǹkan bí dígíríì kan. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ dígíríì 66 sí lára lè di 67 ó lé nígbà tí ẹni tí ó gùn ún bá ti wà lórí rẹ̀, yóò sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá sọ̀kalẹ̀ tí fọ́ọ̀kì wọlé pátápátá. Ẹni tí ó bá wá ẹlẹ́yìn-líle tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mu yóò rí i pé tuntun náà fẹ́ máa gbé òun ṣubú síwájú. Mo wá èyí tí ó dà sílẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, mo rí ọ̀kan tí ó jẹ́ 65. Nítorí ìdí kan náà, fọ́ọ̀kì gígùn kì í ṣe èrè lórí irú kẹ̀kẹ́ yìí. Bí ó ti ń gùn sí i ni imú kẹ̀kẹ́ ń lọ sókè sódò sí i. Mìlímítà 130 ni tèmi, ó sì tó mi.

Ẹ̀kejì ni táyà. Lórí ẹlẹ́yìn-líle, táyà ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀kì rẹ. Kò sí òmíràn. Mo ra èyí tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 2.6, tí ara rẹ̀ nípọn ju ti iwájú lọ, nítorí pé ríìmù ẹ̀yìn ni òkúta ń lù jù. Mo yọ tíúbù kúrò, mo da oje funfun tí ń dí ihò sínú rẹ̀, mo sì fi afẹ́fẹ́ sí i ní ìwọ̀n 24 psi, iwájú ní 21. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí yẹ ẹni tí ó wúwo bíi tèmi, kílò 78. Ẹni tí ó sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi kún un. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe fi àtàńpàkò tẹ táyà.

Nípa irin tí a fi ṣe férémù, ariyanjiyan pọ̀. Àwọn kan ní irin gidi rọ̀ lára ju alumíníọ̀mù lọ. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ń rì ní ọ̀pọ̀ mìlímítà níbi tí férémù kò ti tẹ̀ ju díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n kí ó ná an sórí táyà. Síbẹ̀ irin ni mo rà. Sheffield ni mo ń gbé, níbi tí Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní 1913, ojú sì ń tì mí láti ra ohun mìíràn! Ẹ má rẹ́rìn-ín: férémù mi kì í ṣe irú irin ti Brearley, yóò dípẹtà bí mo bá fi sílẹ̀, mo sì ti fọ́n epo sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ owó. Ẹlẹ́yìn-líle náà, tí ó jẹ́ ti ọdún tí ó kọjá lórí àtẹ, gba £950. Mo ra àlòkù ẹlẹ́yìn-líle fún ọmọ mi ní £350. Mo sì ta kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní £550. Ohun tí ó jáde lápò mi jẹ́ £750. Ká ní mo tún ti àtijọ́ ṣe tí mo sì ra ti ọmọ, £770 ni ì bá jẹ́. Ogún pọ́n-ùn péré ni ìyàtọ̀. Ìyàwó mi, tí ó ti rò pé èrè ńlá ni a ó jẹ, wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n béárìn oríkèé kò sí mọ́ láti pààrọ̀ lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀kì iwájú nìkan ni ó kù láti tọ́jú, ilé ìdáná sì ti padà di tirẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ṣé ẹlẹ́yìn-líle yá ju èkejì lọ, n óò ní rárá. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì London ní 2012, kẹ̀kẹ́ onísúpírìngì méjì ni Jaroslav Kulhavý fi gba góòlù, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ṣáájú Nino Schurter. Irú rẹ̀ náà ni Schurter fi gba góòlù ní Rio ní 2016. Àwọn tí ń díje mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá sì ń gbé níbi tí òkè ti gùn tí òkúta rẹ̀ tóbi bí agbọ̀n, kí ó má ṣe gbọ́ tèmi.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ a gba Houndkirk, ọ̀nà olókùúta àtijọ́ kan nítòsí ìlú. Mo jókòó tẹ́tẹ́rẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, ìjókòó sì ń ta mí sókè bí ẹṣin tí a nà. Ọmọ mi pariwo lẹ́yìn mi pé, “Bàbá, ẹ dìde! Ẹ tẹ orúnkún!” Láti kékeré ni òun ti ń dúró, nítorí pé kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀yìn fi dùn mí. Lẹ́yìn náà mo kọ́ láti fi òpó ìjókòó sílẹ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀, kí pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, kí orúnkún àti ìgúnpá rọ̀, kí ojú mi sì máa wo iwájú láti yan ibi tí táyà yóò gbà. Ìrora náà dín kù. Kò lọ tán: bí a bá ti lé ní wákàtí méjì, ó ń ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà wákàtí méjì ni à ń jáde báyìí, dípò mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ra kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ìjókòó sókè lójú rẹ̀ kí ó lè gbọ́ bí oríkèé ti ń lù, mo sì sọ iye tí oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ bù lé e. Ó ní òun mọ béárìn pààrọ̀ fúnra òun, ó san owó, ó sì lọ. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí mo dé, ó ti ṣí géètì sílẹ̀ fún mi, ó sì ti jẹ ìdajì bisikíìtì tí mo fi pamọ́ sínú àpò rẹ̀.