Ohùn Òǹkọ̀wé nínú Lítíréṣọ̀: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀

Ọ̀rọ̀ náà "ohùn" a máa rú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lójú. Ẹni tí ó ti kọ́ nípa ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ gírámà, bí a bá ní kí ó ṣàlàyé ohùn òǹkọ̀wé, àmì orí fáwẹ̀lì ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ó yẹ kí olùkọ́ tètè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú lítíréṣọ̀, ohùn ni ìhà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ sí ohun tí ó ń sọ: ó lè máa bọ̀wọ̀ fún un, ó lè máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè máa kẹ́dùn lé e lórí, ó sì lè máa fi í fọ́nnu.

Ohùn kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀. Ikú ni kókó bí òpìtàn bá wí pé ọba "wàjà", pé bàbá arúgbó kan "papò dà", tàbí pé ọ̀dàlẹ̀ kan ti "gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra". Ọ̀wọ̀ ni ó wà nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gàn ni ó kún inú ìkẹta.

Iṣẹ́ tí ó dára púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, tí Isaac B. Thomas tẹ̀ jáde ní ọ̀wọ́ lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 sí 1930. Obìnrin aláìsàn kan tí ó ti darúgbó ni ó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé àgbèrè rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń ké pe Ọlọ́run, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹwà rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin tí ó tàn jẹ, ọ̀rọ̀ a dùn lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí ó fi ń ki ara rẹ̀ gan-an, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ, ìfọ́nnu àti ìtìjú ni ó so pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "ohùn ìrònúpìwàdà" sílẹ̀ tí ó sì dákẹ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn kan nínú òǹkàwé ìgbà náà gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin olóòtú ni ó jókòó sẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ṣẹ̀gilọlá ń kábàámọ̀; Thomas ń kìlọ̀, ó sì mọ bí a ti í dá òǹkàwé dúró de ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohùn asọ̀tàn lè yàtọ̀ pátápátá sí ti òǹkọ̀wé.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe gba "ohùn náà dùn" tàbí "ohùn náà le" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: ọ̀rọ̀ wo ni ó fi í hàn? Kí akẹ́kọ̀ọ́ fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, kí ó fi òmíràn tí ó sún mọ́ ọn ní ìtumọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ó ka gbólóhùn náà sókè, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ohun tí ó yí padà.