Ẹnubodè Titus ní Ìlú Róòmù

Bí a bá dárúkọ bodè, odi àti oníbodè ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Bodè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín kò ní odi, kò sì ní ilẹ̀kùn. Òkúta mábù ni a fi kọ́ ọ sójú ọ̀nà tí ń jẹ́ Via Sacra, kí ó lè máa ki ẹnì kan ṣoṣo: Késárì Titus.

Titus jọba ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì wàjà ní ọdún 81. Domitian, àbúrò rẹ̀ tí ó gorí ìtẹ́, ni a gbà pé ó kọ́ bodè náà ní ìrántí rẹ̀. Àkọlé orí rẹ̀ pe olóògbé náà ní ẹni tí ó ti di òrìṣà. Lábẹ́ àjà rẹ̀, a gbẹ́ ẹ sórí ẹ̀yìn idì tí ó ń gbé e lọ sókè ọ̀run. Èyí kò lè ṣàjèjì sí àwa tí a gbọ́ ìtàn Ṣàngó.

Inú bodè náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 70, nígbà tí Vespasian baba rẹ̀ wà lórí oyè, Titus kó ogun wọ Jerúsálẹ́mù, Tẹ́mpìlì àwọn Júù sì jóná. Ní ọdún 71, baba àti ọmọ ṣe ìwọ́de ìṣẹ́gun ní Róòmù. Josephus, òpìtàn tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Júù, ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìwọ́de yìí ni a gbẹ́ sára ògiri méjèèjì. Ní apá kan, Titus dúró nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin. Ní apá kejì, àwọn ọmọ-ogun ru ìkógun: tábìlì àkàrà ìfihàn, fèrè, àti ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀pá náà wò, wọ́n sì bá àmì ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. A ti kùn ún kí ó lè jọ wúrà.

Ní èrò tiwa, àwòrán kejì yìí ti gba bodè náà lọ́wọ́ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ìkógun náà ti sọnù. Oríkì aṣẹ́gun ni ó bá ẹni tí a ṣẹ́gun tọ́jú ìrísí rẹ̀. Ìdílé Frangipane sọ bodè náà di ara ilé olódi wọn nígbà kan, Giuseppe Valadier sì tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún 1821. Ní gbogbo àkókò yìí, àṣà àwọn Júù Róòmù ni pé wọn kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ń wá àmì ìjọba ní ọdún 1949, ọ̀pá fìtílà ara bodè yìí ni wọ́n mú, títí kan ìdí rẹ̀ tí àwọn kan takò, nítorí pé a gbẹ́ ẹranko sí i lára, èyí tí kò bá òfin Júù mu.