Ẹni tí Ń Jí Ọ̀rọ̀ Kọ, Ṣé A Lè Fi Ìlú Lé E Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Kì í ṣe olè ewúrẹ́ nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ń da ìwé oníwèé kọ tí ó sì ń pè é ní tirẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Jámánì. Karl-Theodor zu Guttenberg jẹ́ mínísítà ètò ààbò níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń retí pé yóò di olórí ìjọba. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2011, àṣírí tú pé púpọ̀ nínú ìwé tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Bayreuth jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ tí kò dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ó kọ́kọ́ sẹ́. Ó tún ṣàlàyé pé iṣẹ́ àti ìtọ́jú ọmọ ni òun fi pọ̀ mọ́ ìwé kíkọ. Yunifásítì gba oyè náà padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Máàṣì, ó fi ipò sílẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó kan Pál Schmitt, Ààrẹ ilẹ̀ Họ́ngárì. Ọdún 1992 ni ó gba oyè tirẹ̀. Ogún ọdún kọjá kí wọ́n tó gbà á padà, òun náà sì kúrò lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọkùnrin yìí ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gba góòlù eré idà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1968 àti 1972. Èyí tí ó fi òógùn ara rẹ̀ gbà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbà ni ó lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Alàájì, ṣebí ìwé lásán ni?” Rárá o. Àmáánà ni ipò olórí. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹlòmíràn gba ìyìn nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó, kí ni yóò ṣe sí owó ìlú?

Kò sí ẹ̀bi nínú dídà kọ láti fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ilé-kéwú, a da ọ̀rọ̀ Áfáà kọ sí wàláà, a kò sì sọ pé tiwa ni. Nínú ìwé Ìmáámù Bukhari pẹ̀lú, orúkọ àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ni ó sábà máa ń ṣáájú hadíìsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kàwé, ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ ìwé àti ojú-ewé sílẹ̀. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà tí èrò náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ẹ rí nínú fóònù náà ní olóhun. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ìkánjú ni í bí olè ìwé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bá ọmọ kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí ó lè dìde ní kíláàsì kí ó wí pé, “Lágbájá ni ó sọ èyí, kì í ṣe èmi,” ni a lè fi ìlú lé lọ́wọ́ lọ́la. Kí Ọlọ́run Ọba fi irú wọn jíǹkí wa. Àmín.