Ọmọ Àyàn Nínú Ikọ̀ Àkànṣe

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2013, ojú àwọn ará Òṣogbo, bíi ti gbogbo Nàìjíríà, wà ní Rustenburg ní South Africa. Emmanuel Emenike fi fírí-kíìkì láti ọ̀nà jíjìn ṣí ilẹ̀kùn, Sunday Mba fi èkejì kún un, Super Eagles sì na Côte d'Ivoire ní 2-1. Ní òru ọjọ́ náà, nígbà tí ariwo ayọ̀ ti rọlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ti sùn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayanbadejo wà lórí pápá ní New Orleans, níbi àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Ọmọ ọdún 36 ni. Òun kọ́ ló ń ju bọ́ọ̀lù, òun kọ́ ló ń gbé e sáré, kámẹ́rà kì í sì í wá a kiri. Síbẹ̀ owó gidi ni ẹgbẹ́ Baltimore Ravens ń san fún un.

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n sábà ń fi gbé bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn mọ́kànlá tó ń kọlù, ó sì ní mọ́kànlá mìíràn tó ń dènà. Bí àwọn kan bá wọlé, àwọn kejì á jáde. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá lò ó títí tó ku ẹyọ kan tí kò sì jọ pé yóò ṣeé ṣe, wọ́n á ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá wọlé, kó fi ẹsẹ̀ lé e jìnnà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí ni ikọ̀ kẹta ń wọ pápá: láti fi bẹ̀rẹ̀ eré, láti gbá a jìnnà, tàbí láti gbá a gba àárín òpó méjì kọjá fún àmì mẹ́ta. Ikọ̀ àkànṣe nìyẹn. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn tí a óò gbà ní Òṣogbo pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lóòótọ́, àwọn gan-an ni wọ́n ń pẹ́ jù lórí bẹ́ńṣì lọ́hùn-ún.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ń ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́. Ní 1969, George Allen ti Los Angeles Rams gba Dick Vermeil síṣẹ́ pé ikọ̀ àkànṣe nìkan ni kó máa kọ́. Lọ́dún kan náà, Marv Levy ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Philadelphia. Wọn kò ṣìṣe. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lẹ́ẹ̀kan lè lé alátakò sẹ́yìn ní yáàdì 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí àwọn akọlù máa fi ogun gidi gbà padà.

Ènìyàn 53 ni ẹgbẹ́ kan lè ní lórí ìwé, gbogbo wọn kì í sì í múra lọ́jọ́ eré. Ẹni tó bá jẹ́ ìràwọ̀ ní ipò rẹ̀ kò ní ìṣòro. Àwọn ìgbákejì àti ìgbákẹta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń yẹ̀ wò fínnífínní: yàtọ̀ sí pé o ń dúró de kí ẹlòmíràn fara pa, kí lo tún lè ṣe fún wa? Ẹni tó bá lè sáré bí ọfà lọ bá ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà, kó sì gbé e lulẹ̀, ti rí ìdáhùn.

Ọ̀nà tí Brendon Ayanbadejo gbà nìyẹn. Chicago ni wọ́n ti bí i, Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Nígbà tó parí ní UCLA, kò sí ẹgbẹ́ kan tó mú un nínú ètò yíyan agbábọ́ọ̀lù tuntun ti 1999. Ó gba Yúróòpù lọ, ó gba Kánádà lọ, kó tó di pé Miami gbà á ní 2003. Láti 2006 sí 2008, ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, wọ́n yàn án sí Pro Bowl, ìyẹn àkójọpọ̀ àwọn tó dáńgájíá jù, gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ àkànṣe. Ìdílé onílù ni Àyàn inú orúkọ rẹ̀ ti wá, ẹni tó bá sì ti wo àwọn onídùndún lóde ọdún Ọ̀ṣun mọ̀ pé onííyáàlù ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ijó á dàrú.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti ṣáájú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Obed Ariri àti Donald Igwebuike, ọmọ Igbo méjèèjì, gbá bọ́ọ̀lù tiwa dàgbà kí Yunifásítì Clemson tó sọ wọ́n di agbá-bọ́ọ̀lù-sí-òpó. Ariri ṣe iṣẹ́ náà fún Tampa Bay ní 1984. Nígbà tó di 1985, Igwebuike ló gba ipò náà. Ipò kan ṣoṣo ló wà, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá ará ilé ni wọ́n.

Ká padà sí New Orleans. Bí ìlàjì kejì ṣe bẹ̀rẹ̀, Jacoby Jones gba bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sáré yáàdì 108 láìdúró títí ó fi wọlé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 12 tí Ravens ń fi 34-29 ṣíwájú, wọ́n ní kí Sam Koch, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà, má gbá a rárá. Ó gbé e mọ́ra, ó ń rìn káàkiri lẹ́nu ilé tiwọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì mọ́ àwọn San Francisco, alátakò wọn, ó sì jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Wọ́n fi àmì méjì tọrẹ, wọ́n sì fi ra àkókò. 34-31 ló parí sí. Lójú tèmi, ọgbọ́n àgbà wà níbẹ̀ ju sísáré Jones lọ.

Ẹni tó bá ń wo Arsenal kò nílò àlàyé púpọ̀; láti 2021 ni Nicolas Jover ti ń kọ́ wọn ní kọ́nà àti fírí-kíìkì nìkan. Èyí tó sì sún mọ́ ikọ̀ àkànṣe jù lọ nínú bọ́ọ̀lù tiwa ni ohun tí Louis van Gaal, akọ́nimọ̀ọ́gbá Netherlands, ṣe ní Ife Àgbáyé 2014: nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí, ó yọ aṣọ́lé, ó fi Tim Krul wọlé nítorí pẹnárítì. Krul mú méjì, Costa Rica sì lọ sílé.

Ìjàmbá orí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ ikọ̀ àkànṣe fara rọ. Sísáré lọ kọlu ara ẹni láti ọ̀nà jíjìn ń ba ọpọlọ jẹ́, nítorí náà ni NFL, àjọ tó ń darí ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi sún ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ní 2011, kó lè máa kọjá lọ tààrà. Ó ṣiṣẹ́ jù. Nínú Super Bowl ti oṣù Kejì 2024, kò sí bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n sáré dá padà. Lọ́dún náà ni wọ́n yí òfin padà: ẹgbẹ́ méjèèjì á tò súnmọ́ ara wọn, wọn ò ní í kúrò lójú kan títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀ tàbí tí ẹnì kan yóò fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìdápadà tún pọ̀ sí i, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì tún ń wá àwọn tó lè sáré tó sì lágbára. Láti ọdún 2024 kan náà, gbogbo ẹgbẹ́ 32 ló ní àyè kan sí i nínú ikọ̀ ìgbáradì wọn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ti òkè òkun wá.