Mítà tó ń jẹ owó ọjà nílé tuntun

Ọ̀rọ̀ mítà la fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí, èyí tí a máa ń sanwó sí kí iná tó wọlé. Nínú àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílé tuntun, igbe kan náà ni à ń ké: "Mítà yìí fẹ́ pa mí o!"

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹja yìnyín kó kúrò ní Máfolúkù lọ sí ilé kan ní Ìsọlọ̀. Ó ra iná 10,000 náírà lọ́jọ́ Àìkú, kó tó di Ọjọ́bọ̀, iná ti tán. Ó ní àwọn oníná ń rẹ́ òun jẹ. Owó ẹja ló fi ń ra iná, títí tó fi di pé àwìn ló ń gbà kó tó lè pàtẹ. Àwa náà bá a bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, ohun tí a bá kì í ṣe ohun tí a rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iye owó. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àdúgbò sí ọ̀nà márùn-ún, láti A dé E. Àwọn tó wà ní A yẹ kí wọ́n rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó A láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan. Ní oṣù keje ọdún yẹn ó wá di 209 náírà 50 kọ́bọ̀. Wọn ò fi kún ti B dé E nígbà náà. Ẹ wá rí i báyìí: ní 68 náírà, tí wọ́n bá yọ owó VAT, 10,000 á fún yín ní yúníìtì bíi 136. Ní 209 náírà 50 kọ́bọ̀, 44 péré ni. Fìríìjì kan náà, gílóòbù kan náà o!

Wáyà ńlá tó gbé iná wá sí àdúgbò ló ń sọ bóyá A ni yín tàbí C, kì í ṣe láńlọ́ọ̀dù. Òpópónà méjì tó fara kan ara wọn lè yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ilé, ẹ ní kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ fi ríṣíìtì iná rẹ̀ hàn yín.

Kí ni yúníìtì? Ohun tó ń jẹ 1,000 watt, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti jẹ yúníìtì kan. Wọ́n máa ń kọ watt rẹ̀ sí i lára. Gílóòbù LED tó jẹ́ 10 watt á lo 100 wákàtí kó tó jẹ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n sítóòfù oníná tó jẹ́ 2,000 watt, tí ẹ bá fi se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, yúníìtì mẹ́rin ti lọ. Lójú owó tí a kà sókè yẹn, 900 náírà ti wọgbó, a ò tí ì ra epo. Fíríìsà ní tirẹ̀, ẹ wo ròbà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Tí kò bá pa dé dáadáa, ẹ́ńjìnì kò ní sinmi.

Gbèsè ẹni tó kó jáde náà wà o. Orí mítà ló máa ń wà, tí ẹ bá ra iná wọ́n á máa yọ ọ́ níbẹ̀. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ mú nọ́ńbà mítà lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ bèèrè iye tó wà lọ́rùn rẹ̀, kí láńlọ́ọ̀dù sì gbọ́ ọ. Tí ilé bá ti ṣófo tipẹ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti tún mítà náà ṣe. Títí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n fi fún gbogbo mítà báyẹn káàkiri ayé láti gba nọ́ńbà 20 lọ́nà méjì. Èyí tí kò bá gbà á, kò ní gba owó iná tuntun tí ẹ bá rà.

Ó wá ku ti ẹlẹ́ja wa. A ní kó pa gbogbo nǹkan, kó yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, títí kan fíríìsà. A lọ dúró síwájú mítà. Iná pupa kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Lára ọ̀pọ̀ mítà, tó bá ṣẹ́jú 1,000 ìgbà, yúníìtì kan ti lọ. Tí nǹkan kan ò bá ṣiṣẹ́, kò yẹ kó ṣẹ́jú. (Òmíràn á kàn tàn gbọi lójú kan, ìyẹn ò burú.) Èyí ń ṣẹ́jú kíkankíkan! A pa súìsì ńlá inú ilé rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. A ní kí oníṣẹ́ iná tọ wáyà náà. Àṣé ẹ̀rọ tó ń fa omi fún gbogbo ilé, yàrá mẹ́fà, orí mítà rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́! Láńlọ́ọ̀dù ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó gbà kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n owó oṣù méjì tó ti lọ, kò tí ì dá kọ́bọ̀ padà.

Tí oníṣẹ́ iná ò bá rí wáyà kankan, tí mítà ṣì ń kà, a jẹ́ pé mítà ló ń ṣàìsàn. Ẹ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ iná yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Tí wọn ò bá dáhùn, ní ọdún 2025 àbójútó iná l'Ékòó ti bọ́ sọ́wọ́ LASERC, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó ní òun á fi wáyà fo mítà. Ọ̀ràn ni, ó sì lè dá iná sílé.

Ẹni tí tirẹ̀ ò bá yé, kó mú ríṣíìtì mẹ́ta tó rà kẹ́yìn wá sí ìpàdé, a ó jọ kà á.