Ìyára Orin àti Ẹsẹ̀ Asáré: Ìṣòro Kan nínú Títo Orin Yorùbá fún Eré Ìmárale

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe lè to orin tí a kó pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ìbámu pẹ̀lú ìyára rẹ̀, kí ẹni tí ó ń rìn tàbí tí ó ń sáré nítorí ìlera lè rí orin tí yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wò ó, a ó rí i pé ìbéèrè àtijọ́ kan ni ó tún yọjú: níbo gan-an ni a ti ń ka ìlù?

Láti ìgbà tí Johann Maelzel ti gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ mẹ́tírónóòmù ní 1815, iye ìgbà tí ìlù bọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń pe ìyára orin. Àwọn tí ó ṣe ID3, èyí tí í ṣe àkọlé tí a máa ń so mọ́ orin MP3, pèsè ààyè fún iye yìí nínú ẹ̀dà kejì tí wọ́n gbé jáde ní 1998. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ààyè náà ń gbà, nọ́ńbà ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ ní ìdá nínú. Ìyára apá tí ó jẹ́ òpómúléró orin náà ni wọ́n ní kí á kọ síbẹ̀. Ó hàn gbangba pé orin tí ó ní irú apá bẹ́ẹ̀, tí a kò sì lè ka ìlù rẹ̀ ju ọ̀nà kan lọ, ni ó wà lọ́kàn wọn.

Ní ti eré ìmárale, iṣẹ́ tí Costas Karageorghis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Brunel ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀tọ̀ ni kí orin kàn máa dún sí ẹni tí ń ṣeré létí, ọ̀tọ̀ sì ni kí ẹni náà máa gbé ẹsẹ̀ lé ìlù rẹ̀. Èyí ìkejì ni ó kàn wá níhìn-ín. Ẹni tí ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ a máa gbé nǹkan bí 100 sí 120 ìgbésẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ń sáré a máa gbé nǹkan bí 150 sí 180. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn ọkàn máa rìn, tí orin wá ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú eré sísá, iṣẹ́ tí a kò rán an ni ó ń jẹ́.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ìlù? Kọ̀ǹpútà kì í jó. Ó ń wá ibi tí ohùn ti gbéra lójijì, a sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín ìgbéra kan àti èkejì, lẹ́yìn èyí ni yóò mú àlàfo tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́ jù lọ. Nínú orin dísíkò, níbi tí ìlù ńlá ti ń dún lórí gbogbo ìgbésẹ̀, ọ̀nà yìí dára púpọ̀. Àṣìṣe tí ó sábà máa ń ṣe níbẹ̀ kò ju pé kí ó pe iye náà ní ìlọ́po méjì tàbí ní ìdajì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi bọ́tìnì méjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀: ọ̀kan láti sọ iye di ìlọ́po méjì, èkejì láti pín in sí méjì.

Bọ́tìnì méjèèjì yìí kò wúlò fún púpọ̀ nínú orin wa. Ẹ jẹ́ kí á mú kónkóló ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ìlù agogo tí ó ń dún lẹ́ẹ̀méje láàárín ẹyọ àkókò 12 tí ó dọ́gba. Kí á sọ pé ìṣẹ́jú àáyá méjì ni àyípo kan gbà. Bí a bá pín 12 yìí ní ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni yóò wà nínú àyípo, a ó sì rí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá pín in ní méjì-méjì, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, iye rẹ̀ a di 180. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, 90 ni. Gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ìró kan náà. Ẹsẹ̀ oníjó kò ṣiyèméjì: mẹ́rin ni yóò gbé. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ti gbọ́ mẹ́fà, 180 ni yóò kọ, orin ìrìn yóò sì bọ́ sáàárín orin eré sísá. Bí a bá pín 180 sí méjì, 90 ni a ó rí. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 360 ni. Kò sí bí a ó ṣe tẹ bọ́tìnì náà tí a ó fi dé 120, nítorí pé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni àṣìṣe yìí, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ní èrò tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an nìyí, àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kò sì tíì kà á sí tó bí ó ti yẹ.

Àwọn ìlù mìíràn tún ń dá kún un. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, gúdúgúdú ni ìró rẹ̀ mú jù, tí ó sì ń gbéra léraléra. Òun ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ìyáàlù ní tirẹ̀ a máa fi ìlù sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ kì í sì í dúró de ìgbésẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro mìíràn ni ti gígùn. Àwo jùjú àti ti fújì ìgbà Ebenezer Obey, Sunny Adé àti Àyìndé Barrister wà tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ orin kan tí kò dá dúró, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 tàbí 20, tí onílù sì ń yí ìlù padà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú àwo kan odindi ni wọ́n sábà máa ń kó sórí kọ̀ǹpútà bí orin kan. Nọ́ńbà wo ni yóò dúró fún un? Ó sàn kí á gé e níbi tí ìlù ti yí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn olùpamọ́ orin kì í dùn sí gígé.

Ọ̀nà tí a dábàá kò ṣòro. Kí ẹni tí ń to orin dìde dúró, kí ó rìn sí orin náà, kí ó ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ó tún un ṣe ní àárín orin àti nítòsí ìparí. Ẹnìkan lè sọ pé ẹsẹ̀ ẹni méjì lè má bára mu. Òótọ́ ni, pàápàá bí ọ̀kan nínú wọn kò bá mọ irú ijó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jó ni ó kà á. Iye tí ẹsẹ̀ fún wa ni kí á kọ sí ààyè ìyára, kí á sì kọ iye tí ẹ̀rọ sọ sí ààyè àlàyé, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ìlù yí padà bí a kò bá gé orin náà.

Ti ìjálá, rárà àti ewì tí kò ní ìlù tí a lè gbé ẹsẹ̀ lé, kí á fi ààyè náà sílẹ̀ lófìfo. A kò gbọdọ̀ kọ òdo síbẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà yóò ka òdo sí ìyára tí ó lọ́ra jù lọ, yóò sì fi ìjálá ṣíwájú gbogbo orin ìrìn.